Bi Ìyá Tíṣà Léèrè: Ṣọ́jà tó fẹ̀yìntì fẹ́ di tíṣà, wọ́n ní kó mú ìwé wá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́rin nínú ẹ̀ ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì tí wọ́n ń wọ iléèwé lọ kọ́ ọmọ. Kò yà mí lẹ́nu. Abẹ́òkúta tiwa yìí, pẹ̀lú baráàkì tó wà ní Alamala, kò sí àdúgbò téèyàn máa gbé tí kò ní ní ẹnì kan tó ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀ ládùúgbò, tó ń wá nǹkan tó máa fi ọwọ́ àti ọpọlọ ẹ̀ ṣe. Mo ní kí n kúkú dá wọn lóhùn papọ̀, ti ẹni àkọ́kọ́ ló máa gùn jù torí òun ló bi ìdí ọ̀rọ̀ gan-an.

*

Ìyá Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín mà. Ọdún 22 ni mo lò nínú iṣẹ́ ológun, ẹ̀ka sígínà ni mo wà, stáàfù sájẹ́ńtì ni mí nígbà tí mo fẹ̀yìntì. Mo kọ́ àwọn ríkúrúùtì ní rédíò, bí wọ́n ṣe ń so wáyà, bí antẹ́nà ṣe ń gba ohùn, àwọn tí mo kọ́ ti di ọ̀gá báyìí. Nígbà tí mo padà wálé, iléèwé aládàáni kan gbà mí kí n máa kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Basic Tech, mo ti lo táàmù méjì, àwọn ọmọ fẹ́ràn mi gan-an. Àfi bí àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ ṣe dé lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kí gbogbo tíṣà mú ìwé jáde. WAEC àti ìwé díṣáàjì mi ni mo mú sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, propiráítọ̀ pè mí, ó ní kí n lọ wá NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tíṣà, àti TRCN, ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti forúkọ èèyàn sílẹ̀ bíi tíṣà, tí mi ò bá rí i òun ò ní lè mú mi mọ́ tó bá di séṣàn tó ń bọ̀. Inú mi bàjẹ́ mà. Èmi tí mo kọ́ àwọn tó ń gbébọn! Mo sì rí i lórí fóònù pé l'Amẹ́ríkà wọ́n ti ṣòfin pé kí ṣọ́jà tó fẹ̀yìntì máa kọ́ ọmọ láìní ìwé tíṣà kankan. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà wo ló wà fún irú èmi?

Sájẹ́ńtì, Ọbantoko

Sájẹ́ńtì mi, ẹ dìde nílẹ̀ jàre. Ẹni tó fi ọdún 22 sin orílẹ̀-èdè yìí, àwa ló yẹ ká kí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, mo sì rí ibi tó ti ń dùn yín, kéèyàn gbé ìwé tó fi gbogbo ìgbà èwe ẹ̀ gbà kalẹ̀ níwájú àlejò kí wọ́n kàn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi rìsíìtì ọjà, ìyẹn nìkan tó láti ba inú àgbà ọkùnrin jẹ́. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, propiráítọ̀ yẹn ò ṣẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Amẹ́ríkà, torí bí wọ́n ṣe ń pín in kiri lórí WhatsApp kọ́ ló rí. Ìpínlẹ̀ kan ni, Florida, kì í ṣe Amẹ́ríkà lódindi. Ọdún 2022 ni gómìnà wọn, Ron DeSantis, fọwọ́ sí òfin náà, torí tíṣà ti wọ́n lọ́dọ̀ wọn, kíláàsì wà, ẹni tó máa dúró níwájú ẹ̀ ni kò sí. Ohun tí òfin yẹn sọ ni pé ẹni náà gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 48 ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́ ológun, kó jẹ́ pé ó kúrò níbẹ̀ tọlátọlá, kó ti ka kírẹ́díìtì 60 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn bí ìdajì dìgírì tiwọn, kí GPA ẹ̀, ìyẹn bí máàkì ẹ̀ ṣe rí lápapọ̀, má sì wá sílẹ̀ ju 2.5 lọ, kó yege nínú ìdánwò ìjọba lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n sì yẹ ìwà ẹ̀ wò bóyá ó lẹ́bi lọ́rùn. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, sátífíkéètì onígbà díẹ̀ ni wọ́n máa fún un, ọdún 5 péré, tó bá fẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ó gbọ́dọ̀ ti parí dìgírì ẹ̀, wọ́n á tún fi tíṣà àgbà kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọdún 2 ó kéré tán kó máa tọ́ ọ sọ́nà. Ṣé ìyẹn ló ń jẹ́ láìní ìwé kankan? Pẹ̀lú ẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ tíṣà ibẹ̀ bínú sí i, wọ́n ní àwọn táwọn fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ yìí ńkọ́.

Òfin ti Florida yìí gan-an, ìyọ́nú lásìkò ọ̀wọ́n tíṣà ni. Ètò tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn ṣọ́jà wà tẹ́lẹ̀, 1993 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá èyí tí wọ́n ń pè ní Troops to Teachers sílẹ̀, ohun tó wà fún ni kó ran ṣọ́jà lọ́wọ́ kó lè gba ìwé tíṣà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, ní 2018, wọ́n kéde pé àwọn máa fún ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní 40,000 pọ́n-ùn tó bá lọ ka dìgírì tó máa sọ ọ́ di tíṣà nínú àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì bíi máàtì àti físíìsì. Ẹ wò ó dáadáa o. Owó ni wọ́n gbé kalẹ̀ kó lè lọ kàwé. Kò sẹ́ni tó ní kó má kà á.

Ẹ wá jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, Sájẹ́ńtì. Lọ́jọ́ tẹ́ẹ dé Depot ní Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ríkúrúùtì, ṣé wọ́n gbébọn lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà? Bóyá ẹ ti ń bá bàbá yín ṣọdẹ kẹ́ẹ tó débẹ̀, bóyá ojú yín já gaara ju ti ọ̀gá tó kọ́ yín lọ, ṣé wọ́n torí ẹ̀ sọ pé kẹ́ẹ má ṣe ríkúrúùtì mọ́? Oṣù lórí oṣù lẹ fi sáré, tẹ́ẹ tú ìbọn palẹ̀, tẹ́ẹ tún un tò, kí wọ́n tó fún yín lọ́ta. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́ lè pa èèyàn. Ọmọ ọlọ́mọ náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tí wọn ò bá kọ́ dáadáa lọ́mọ ọdún 11, á gbé e títí á fi dàgbà, màá sì lè fi àwọn tó sọ pé orí àwọn ò gba máàtì láyé àwọn hàn yín káàkiri Abẹ́òkúta, tó jẹ́ tíṣà kan ṣoṣo ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ní pírámárì.

Èmi náà rò nígbà kan pé téèyàn bá ti mọ nǹkan ó ti lè kọ́ ẹlòmíì nìyẹn. Máàtì ni mo kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, mo mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ẹgbẹ́ mi ń tẹ̀lé mi wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ìgbà tí wọ́n rán wa lọ TP, ìyẹn ká lọ fi ọmọ iléèwé kọ́ṣẹ́ tíṣà, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lágbègbè Lafẹ́nwá ni wọ́n fi mí sí, pírámárì 4. Frákṣọ̀n ni mo kọ́ wọn lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìdajì, ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin, mo kọ gbogbo ẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù, ó dùn ún wò, mo ní ṣó yé yín, gbogbo wọn ní "Yẹ́ẹ̀s mà!" bí ìgbà tí wọ́n ń kọrin. Ọ̀gá tó wá wò mí láti kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó sẹ́yìn, kò sọ nǹkankan. Ìgbà tí mo parí ló dìde, ó yọ ọsàn kan nínú báàgì ẹ̀, ó lọ bá ọmọdébìnrin kan tó wà ní kọ̀rọ̀, ó ní kó fi báírò sàmì síbi tóun máa gé e sí kéèyàn mẹ́rin lè pín in lọ́gbọọgba. Ọmọ náà fa ìlà mẹ́ta síbùú ọsàn yẹn, bí ẹni tó fẹ́ gé iṣu. Ègé mẹ́rin ni lóòótọ́, àmọ́ ti àárín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti etí. Nǹkan tí gbogbo kíláàsì gbọ́ lẹ́nu mi ni "mẹ́rin", wọn ò gbọ́ "ọgbọọgba". Ọ̀gá ò bá mi wí, ó kàn kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìntì mi ò tún béèrè "ṣó yé yín" lọ́wọ́ ọmọ kankan mọ́, ohun tó lè fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe ni mo máa ń gbé fún un.

Nǹkan tí ìwé yẹn wà fún nìyẹn, Sájẹ́ńtì. Wọn ò fi kọ́ yín ní wáyà, ẹ ti mọ wáyà. Ríkúrúùtì tẹ́ẹ kọ́, àgbà ni, òun ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá, ó mọ̀ pé tóun ò bá gbọ́ rédíò yìí ó lè gbẹ̀mí òun lójú ogun. Ọmọ JSS 1, màmá ẹ̀ ló tì í wá, ebi lè máa pa á, ó lè má ríran débi bọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ẹ fi ń ṣàlàyé ni kò yé e tí kì í ṣe wáyà, kò sì ní sọ, á kàn máa wojú yín. Béèyàn ṣe máa mọ èyí tó ń ṣe é nínú gbogbo wọn, béèyàn ṣe máa kọ léṣìn nóòtù tó lójú, béèyàn ṣe máa gbé ìdánwò kalẹ̀ kó lè mọ ohun tó wọlé àtohun tó bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ni, wọ́n ń kọ́ ọ ni.

Ẹni tó bá sì ń rò pé ìwé wà fún ẹni tí kò rí ogun rí, ẹ jẹ́ kó wo Tai Solarin tiwa, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ níbí. Ó wà nínú ọmọ ogun òfurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, RAF, nígbà ogun àgbáyé kejì, navigétọ̀ ni, òun ló ń fọ̀nà han ọkọ̀ òfurufú. Kó tó lọ, ó ti kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Wesley College n'Íbàdàn. Ogun parí, kò sọ pé òun ti fò lójú ọ̀run, ó tún jókòó kàwé ní yunifásítì Manchester, ó tún lọ sí London, ìgbà tó délé ló di prínsípà ní Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní 1956 ló dá Mayflower sílẹ̀. Gbogbo ìgboyà tó ní, ó fi ìwé tì í lẹ́yìn.

Ó yá, ọ̀nà tẹ́ẹ máa gbà. Òfin tó dá TRCN sílẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, láti 1993 ló ti wà, ìjọba wá fi 31 December 2019 ṣe gbèdéke pé ẹni tí kò bá ní ìwé kó má dúró ní kíláàsì mọ́. Wọn ò tíì lé gbogbo èèyàn tán, ẹ̀yin náà rí i, àmọ́ propiráítọ̀ tó bá fẹ́ kí orúkọ iléèwé òun mọ́ ò ní fẹ́ gbọ́ àwáwí. Téèyàn bá máa forúkọ sílẹ̀ ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tíṣà, NCE ló kéré jù nínú ẹ̀, kó sì ṣe ìdánwò wọn tí wọ́n ń pè ní PQE, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, 2017 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní NCE wà ní ìpele D, oní dìgírì C, ó ń lọ sókè bẹ́ẹ̀ dé A tó jẹ́ ti àwọn dókítà ìwé.

Nítorí náà NCE lẹ ń wá, ọdún 3 ni. Ẹ lè jókòó ka a ní Òṣíẹ̀lẹ̀ níbí, Federal College of Education, kò jìnnà sí Ọbantoko rárá, mọ́tò kan ni. Tẹ́ẹ bá ní ìyàwó àtọmọ tẹ́ẹ ń bọ́ tẹ́ẹ ò lè fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ lọ béèrè NTI, iléeṣẹ́ àwọn olùkọ́ tí olú ilé ẹ̀ wà ní Kàdúná, wọ́n ń ṣe NCE fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, òpin ọ̀sẹ̀ àti ìgbà họ́lídè ni wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n sì ní sẹ́ńtà láwọn ìpínlẹ̀. Kẹ́ẹ tó ra fọ́ọ̀mù kankan ẹ gbé WAEC yín síwájú, ẹ wo kírẹ́díìtì tó wà ńbẹ̀, pàápàá Gẹ̀ẹ́sì àti máàtì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń kọsẹ̀, tẹ́ẹ bá rí i pé ó dín, ẹ forúkọ sílẹ̀ kíá fún WAEC tàbí NECO ti ìta, èyí tí ẹni tí kò sí níléèwé mọ́ ń ṣe, kò sí ìtìjú níbẹ̀, mo ti rí ìyá àgbà tó jókòó ti ọmọ ọmọ ẹ̀ ṣe é.

Ẹ tún padà lọ bá propiráítọ̀ yẹn. Ẹ má lọ bá a pẹ̀lú ìbínú. Ẹ gbé lẹ́tà àdímíṣọ̀n lọ́wọ́ lọ bá a, kẹ́ẹ ní sà, mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa ṣe ínsírọ́kítọ̀ ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù lábẹ́ tíṣà tó níwèé, kí n máa kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́, tí mo bá parí ẹ dá mi padà sí kíláàsì mi. Iléèwé aládàáni tó bá lójú ò ní fẹ́ pàdánù ẹni tó mọ wáyà tó sì ń dé lásìkò. Tó bá kọ̀, iléèwé pọ̀ ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ibi tí mo ti dúró tì yín gbáágbáá nìyí o. Ìjọba tiwa ò ṣe tó. Ibùdó tí wọ́n ti ń múra ṣọ́jà sílẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì wà l'Ọ́ṣòdì, NAFRC, wọ́n ń kọ́ wọn ní adìyẹ sísìn, ẹja, aṣọ rírán, wẹ́dà, kọ̀ǹpútà, ó dáa, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ èèyàn tó ti kọ́ ríkúrúùtì fún ọdún mẹ́wàá, kí ló dé tí kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó máa sọ fún un pé jókòó níbí, kọ orúkọ NCE rẹ, ìjọba máa san ìdajì? Àwọn iléèwé abúlé ní Ọdẹ́dá, ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí tíṣà máàtì àti sáyẹ́ǹsì ń sá fún torí ọ̀nà ò dáa, ta ló lè gbébẹ̀ ju ẹni tó ti gbé inú igbó Sambisa lọ? Àwọn tó wà ní Òkè-Mọ̀sán, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wa wà, tó bá ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Kí wọ́n gbé ọ̀nà náà kalẹ̀ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún o, mi ò ní kí wọ́n wó ilẹ̀kùn.

*

Ìyá Tíṣà, wọ́rántì ọ́físà ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, ọmọ ọdún 51. Mo ní HND Electrical láti pólì. Ṣé kò ti pẹ́ jù fún mi báyìí? Ṣé dandan ni kí n padà lọ ṣe NCE?

Adìgbẹ

Rárá o, Bàbá, kò kàn yín. Ẹni tó bá ti ní HND tàbí dìgírì tí kì í ṣe ti edukéṣọ̀n, PGDE, ìyẹn díplómà ẹ̀kọ́ṣẹ́ tíṣà, ló máa ṣe, bí ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀, NTI ń ṣe é, àwọn yunifásítì náà ń ṣe é. Tẹ́ẹ bá parí ẹ̀ ẹ máa lè ṣe PQE. Ní ti ọjọ́ orí, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ti sọ pé tíṣà ìjọba lè ṣiṣẹ́ títí dé ọdún 65 tàbí kó lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Iṣẹ́ ìjọba ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lórí ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń gbani, mi ò ní ki yín lórí wọ ibẹ̀, àmọ́ àwọn aládàáni ò ní kọ̀ ẹni tó mọ iná mànàmáná dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yìí, kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀.

*

Ìyá Tíṣà, ẹ gbà mí o. Iléèwé tí ọmọ mi wà gba bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ṣọ́jà rí. Bàbá náà kì í pẹ́ lẹ́yìn, kì í pa kíláàsì jẹ, àmọ́ tọ́mọ bá pariwo, ìdójúbolẹ̀ nínú oòrùn ni, frọ́ọ̀gì jọ́m̀pù yí pápá ká ni. Ọkọ mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ní á jẹ́ kó gbọ́n. Ọmọ mi ọmọ ọdún 9 ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni inú ń run ún. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá ọmọ mẹ́ta, Aṣerò

Ìyá Ọmọ, ẹ kú ìnira. Inú tó ń run ọmọ yẹn ní Mọ́ńdè, ẹ̀rù ni, kì í ṣe irọ́ ló ń pa, ẹ má jẹ́ kí bàbá ẹ̀ na án fún ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ kí wọ́n má bàa rò pé àwọn ṣọ́jà nìkan ni mò ń bá wí. Ìyà tó le jù tí mo ti rí nínú kíláàsì láyé mi, tíṣà tí kò wọ bàtà ṣọ́jà rí ló fi jẹ ọmọ. Èmi náà na ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo rò pé ó ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń ṣe ò ju pé ó ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lọ. Mo bá ọ̀kan nínú wọn pàdé ní Kútọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní "Màmi, ẹ mà nà mí o", ó ń rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rín in.

Ohun tí bàbá yẹn mọ̀ ló ń ṣe. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bó ṣe tọ́ àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣiṣẹ́ fún un, torí àgbà tó ti ní iṣan ni frọ́ọ̀gì jọ́m̀pù wà fún. Orúnkún ọmọ ọdún 9 ò tíì gbó. Tó bá jẹ́ pé ó ti ṣe NCE ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ́ ọ ní bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, kí ló ń mú ọmọ pariwo, báwo lèèyàn ṣe máa dá kíláàsì dúró láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí mò ń bá Sájẹ́ńtì sọ lókè yìí náà ni.

Ẹ lọ bá bàbá náà fúnra yín, ẹ má gba ọ̀dọ̀ hẹ́dì lọ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má lọ nígbà tí àwọn òbí míì ń wò. Ẹ kí i dáadáa, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé ó ń dé lásìkò, kẹ́ẹ dúpẹ́ dénú, torí ó tọ́ sí i. Ẹ wá sọ fún un pé "Ọ̀gá, ọmọ yín yìí ti ń tọ̀ sílé o." Ẹ máa rí i pé ojú ẹ̀ máa yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ni, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí, ẹni tó ti dáàbò bo èèyàn fún ọdún gbọọrọ kì í fẹ́ gbọ́ pé òun lòun ń dẹ́rù ba ọmọ kékeré. Tí kò bá gbọ́, ẹ wá lọ bá hẹ́dì, kẹ́ẹ sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rán an létí pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà láti 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti sọ ọ́ di òfin tiẹ̀, kò fàyè gba ìyà tó ń ba ara tàbí ọkàn ọmọ jẹ́. Hẹ́dì tó gbọ́n á ní kí tíṣà àgbà kan máa jókòó ti bàbá yẹn ní kíláàsì fún sáà kan.

Ní ti ọkọ yín, ẹ ní kó jí lóru kan kó bá yín pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà.

*

Màmá, ọkọ mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kọ́pùrà ni, àríwá ló wà báyìí. Ó máa ń sọ fún mi pé tóun bá fẹ̀yìntì tíṣà lòun fẹ́ ṣe, ó fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé nǹkan fún èèyàn, àwọn ọmọ kékeré tó wà níbi tó wà ló máa ń kọ́ ní ABC tó bá ráyè. Kí ló yẹ kó ti máa ṣe láti ìsinsìnyí?

Ìyàwó ṣọ́jà, Pánsẹ́kẹ́

Ìyàwó wa, Ọlọ́run á dá a padà sọ́dọ̀ yín láyọ̀. Lẹ́tà yín ló dùn mọ́ mi jù lóṣù yìí, torí ẹ béèrè kó tó pẹ́.

Ẹ sọ fún un pé àwọn ológun ní ẹ̀ka edukéṣọ̀n tiwọn, wọ́n sì ní iléèwé wọn ní Ìlọrin, Nigerian Army School of Education, NCE ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀, NCE gidi bíi ti Òṣíẹ̀lẹ̀. Kó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ bóun ṣe lè béèrè fún un. Tí kò bá ṣeé ṣe, kó máa fi WAEC ẹ̀ palẹ̀ mọ́ níbi tó wà, kó máa tọ́jú gbogbo ìwé kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá rán an lọ, kó má sọ ọ̀kankan nù, kékeré kọ́ ni wọ́n máa wúlò tó bá ń wáṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wọn kì í rántí, òun ló sì ń dá wọn dúró fún oṣù púpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà TRCN àti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Orúkọ. Tí orúkọ tó wà nínú WAEC ẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, èyí tó fi wọṣẹ́ ológun jẹ́ òmíì, NIN tún jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kódà kó jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí tàbí yọ kúrò níbẹ̀, kó lọ sí kóòtù lọ gba àfídéfì, kó gbé e sínú ìwé ìròyìn bí wọ́n bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, kó ṣe é báyìí tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí owó ń wọlé lóṣooṣù. Ẹ̀yin náà ẹ wá ìwé ìbí ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ yín, ẹ bá a ya fọ́tòkópì méjì, kẹ́ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sílé kẹ́ẹ sì fi ìkejì ránṣẹ́ sí i.